Àpótí Tí A Fi Ọ̀dà Rẹ́

Ọ̀rọ̀ fún àwọn òbí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka Ìwé Ẹ́kísódù orí 2, ẹsẹ 1 dé 10, kí ẹ tó ka èyí.

Bí ó ti wù kí a pẹ́ tó ní Kano yìí, a kì í gbàgbé ibi tí a ti ṣẹ̀ wá. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí jẹ mọ́ àwọn ọmọ wa, àti abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó yẹ kí wọ́n gbà kí wọ́n tó pé ọdún méjì. A mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò wí nínú ara rẹ̀ pé, "Kí ni ó kan ilé Ọlọ́run kan abẹ́rẹ́? Ṣé kì í ṣe ilé-ìwòsàn ni ó ni ọ̀rọ̀ náà?" Ẹ ṣe sùúrù fún wa. Bí ẹ bá kà á dé òpin, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ àwa tìkára wa sì ni pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìyá Mósè. Obìnrin yìí bímọ ní ilẹ̀ àjèjì, ní àkókò tí ọba Íjíbítì ti pàṣẹ pé kí a máa gbé àwọn ọmọkùnrin Hébérù sọ sínú odò. Oṣù mẹ́ta ni ó fi pa ọmọ rẹ̀ mọ́. Nígbà tí kò tún lè pa á mọ́, ó wá àpótí tí a fi koríko etí odò ṣe, ó fi ọ̀dà rẹ́ ẹ, ó tẹ́ ọmọ sínú rẹ̀, ó sì gbé e sí àárín koríko létí omi. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà dúró lókèèrè, ó ń ṣọ́ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé obìnrin yìí kò gbàdúrà. Ṣùgbọ́n Ìwé Mímọ́ kò sọ ọ̀rọ̀ kan fún wa nínú àdúrà tí ó gbà. Ohun tí ó fi rẹ́ àpótí ni ó sọ fún wa. Ó mọ̀ pé Ọlọ́run ni Olùpamọ́. Ó sì mọ̀ pé ihò kékeré ni omi máa ń gbà wọlé. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí ihò, ó jẹ́ kí ojú wà lára ọmọ, ó sì fa èyí tí agbára rẹ̀ kò ká lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ìgbàgbọ́ nìyẹn. Bí ó bá ti gbé ọmọ sínú àpótí tí ń jò, kí ó sì wí pé Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ, dídán Ọlọ́run wò ni ìbá jẹ́.

Nísinsìnyí ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín wa. Bàbá ọmọ náà ni ó ní kí a kọ ọ́, kìkì pé kí a má dárúkọ wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ìjọ wa ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Ìyàwó rẹ̀ sì jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Nígbà tí àkọ́bí wọn pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n gbé e lọ gba abẹ́rẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ara ọmọ gbóná, itan rẹ̀ wú díẹ̀, ó sì sunkún di òwúrọ̀. Ìyá bàbá gbọ́ ẹkún náà lórí fóònù láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní, "Ẹ má tún gún ọmọ ọmọ mi mọ́ o." Ọmọ tí ó bọ̀wọ̀ fún ìyá rẹ̀ ni bàbá náà, ó sì gbọ́ràn. Ìyá ọmọ kò fẹ́ kí a wí pé òun ń bá ìyá ọkọ òun jiyàn. Káàdì àjẹsára ọmọ náà wà nínú àpótí aṣọ. Ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n kọ nǹkan sí, ìyókù ṣófo.

Ìyá ọmọ náà tọ̀ wá wá. Ó ní kí àwa àgbà ìjọ bá òun sọ fún ọkọ òun. Ẹ̀yin ará, èyí ni ìjẹ́wọ́ wa: a kò bá a sọ ọ́. A ní ọ̀ràn inú ilé ni, a ní kí ó lọ gbàdúrà, a sì gbàdúrà pẹ̀lú rẹ̀. Ní àkókò ọyẹ́ èṣí, èéyi wọ àdúgbò wọn. Ọmọ náà ti ń súnmọ́ ọdún méjì. Ó ṣe é títí a fi rò pé yóò kú. Ọlọ́run dá a sí, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ méjèèjì tú ọyún, àti láti ìgbà náà, bí a bá pè é láti ẹ̀yìn, kì í wojú wa. Àfi kí a dúró níwájú rẹ̀.

Ìyá àgbà kò ṣe ìkà. Ìfẹ́ ni ó mú un sọ̀rọ̀. Bàbá kò ṣe ìkà. Ó bọ̀wọ̀ fún òbí bí Òfin ti wí. Àwa náà kò gba àdúrà búburú. Ṣùgbọ́n gbogbo wa pawọ́ pọ̀, a gbé ọmọ sójú omi, kò sì sí ẹni tí ó fi ọ̀dà rẹ́ àpótí. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìyá tí ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò rí èéyi tí ó wà ní òpópónà wa. Àwa tí a wà níhìn-ín ni ó yẹ kí a fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́ náà, kí a fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé fún un, kí a sì mú ọmọ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ nípa ẹ̀rù tí ó wà ní ìlú yìí, nítorí kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1996, àjàkálẹ̀ yírunyírun jà ní Àríwá, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Nínú ìdààmú náà, ilé-iṣẹ́ apòògùn kan láti òkè òkun dán oògùn tuntun wò lára àwọn ọmọdé tí ń ṣàìsàn ní Kano. Ọ̀ràn náà dé ilé-ẹjọ́. Ní 2009 ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là fún ìparí ẹjọ́ pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ Kano. Oògùn ìwòsàn ni oògùn náà, kì í ṣe àjẹsára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bí ó bá rí okùn, yóò sá. Nítorí náà nígbà tí a gbọ́ ní 2003 pé oògùn rọpárọsẹ̀ a máa sọ àwọn ọmọbìnrin di àgàn, ọ̀pọ̀ gbà á gbọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ Kano dá fífún àwọn ọmọ ní oògùn náà dúró, ó di 2004 kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀. Láàárín àkókò náà, àrùn tí ó wà níhìn-ín rìn jáde lọ sí orílẹ̀-èdè púpọ̀ tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 2005 ó ti dé Yemen àti Indonesia.

Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí kẹ́gàn àwọn onílé wa. Àwa náà ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn tí ń pín oògùn ní ọdún wọ̀nyẹn. A ní àlejò ni wá, kò sì yẹ kí àlejò gba ohun tí onílé kọ̀. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ní oṣù kejì ọdún 2013, àwọn agbébọn yìnbọn fún àwọn tí ń fún ọmọdé ní oògùn rọpárọsẹ̀ ní ilé-ìwòsàn ní Kano yìí. Ó kéré tán ènìyàn 9 ni ó kú. Iṣẹ́ tí wọ́n kú lé lórí ṣe àwọn ọmọ wa náà ní àǹfààní. Àwọn emir, àwọn imam àti àwọn olùṣọ́-àgùntàn jùmọ̀ ṣe é títí, àti ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 a kéde pé rọpárọsẹ̀ ìpilẹ̀ṣẹ̀, èyí tí kò ti ara oògùn wá, ti kúrò ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn tí ó rí i ní Borno ní 2016 ni ó kẹ́yìn ní Nàìjíríà.

A kò ní fi apá kan ọ̀rọ̀ pamọ́ fún yín. Kòkòrò inú oògùn tí a ń kán sí ọmọ lẹ́nu jẹ́ èyí tí a ti sọ di aláìlera. Níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò bá ti gbà á, ó lè máa ti ara ọmọ kan bọ́ sí ara èkejì fún ìgbà pípẹ́, títí yóò fi tún ní agbára láti rọ ọmọ lẹ́sẹ̀. Irú èyí ṣì ń ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ń fa á: àìgbà ni, kì í ṣe gbígbà. Níbi tí gbogbo ọmọ bá ti gbà á, kò ní ibi tí yóò rìn gbà. Nítorí èyí náà ni a ṣe ń fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ rọpárọsẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé kòkòrò inú abẹ́rẹ́ náà ti kú pátápátá.

Ẹlòmíràn yóò ní, "Àwọn baba wa kò gba abẹ́rẹ́, wọ́n sì dàgbà." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi àwọn àgbà ìjọ kí wọ́n ká apá aṣọ wọn sókè. Ẹ ó rí àpá lára ọ̀pọ̀ wọn. Wọ́n bupá fún wọn nítorí ṣọ̀pọ̀ná. Àwa Yorùbá mọ àrùn yìí ju bí a ti lè sọ lọ. A bẹ̀rù rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í fi gbogbo ẹnu dá orúkọ rẹ̀ ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn, Olóde ni a máa ń pè é. Ó fọ́jú ènìyàn, ó bu ojú arẹwà jẹ, ó sọ agbo ilé di ahoro. Ní 1796 ni oníṣègùn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní Edward Jenner fi omi ojú egbò àrùn màlúù dán bíbupá wò. Nàìjíríà rí ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná mú kẹ́yìn ní 1970. Ní 1980 a kéde pé ó ti tán ní gbogbo ayé. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa lónìí tí ó mọ ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná bà jẹ́. Àwọn baba wa tí a ń tọ́ka sí ni wọ́n na apá wọn fún abẹ́rẹ́ kí àwa má baà mọ̀ ọ́n. Ọmọ Yorùbá sì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, oníṣègùn ọmọdé tí ó jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti 1985 dé 1992, tí ó ti ètò àjẹsára lẹ́yìn kí ó lè dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tálákà.

Báwo ni àjẹsára ti ń ṣiṣẹ́? Ẹ̀yin oníṣòwò yóò tètè mọ̀ ọ́n. Ẹ gba ọlọ́dẹ sí ọjà yín kí ó máa ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. Bí kò bá mọ ojú olè, olè lè kí i, kí ó sì gba iwájú rẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fi àwòrán olè náà hàn án, yóò dá a mọ̀ láti òkèèrè. Àjẹsára ni àwòrán olè tí a fi han àwọn ọlọ́dẹ tí Ọlọ́run fi sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ara tí ó gbóná díẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ abẹ́rẹ́ jẹ́ àmì pé àwọn ọlọ́dẹ ń kọ́ iṣẹ́. Ọjọ́ kan tàbí méjì ni, ó sì ń lọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mu ọmú dáadáa, kí ẹ sì ṣe bí nọ́ọ̀sì bá ti wí. Ó ṣọ̀wọ́n gidigidi kí abẹ́rẹ́ kọ̀ fún ara ọmọ lọ́nà tí ó le. Nítorí rẹ̀ ni ó fi dára kí a jókòó díẹ̀ ní ilé-ìwòsàn lẹ́yìn tí ọmọ bá gbà á tán. Bí ọmọ bá ti ṣe gìrì rí, tàbí bí ara rẹ̀ bá ti kọ abẹ́rẹ́ kan rí, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó gún un. Ẹ má fi àgbo tàbí àdí sí ojú abẹ́rẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ ní apá òsì. Yóò di egbò kékeré, yóò sì jiná fúnra rẹ̀.

Àlejò ní ewu tirẹ̀. Yírunyírun tí àwọn tí ó wà nílé kì í sábà rí ń bẹ níhìn-ín ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí eruku pọ̀ tí oòrùn sì mú. Ní 2017 irú rẹ̀ kan pa ènìyàn tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ní Nàìjíríà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, orílẹ̀-èdè wa ni ó kọ́kọ́ lo abẹ́rẹ́ tuntun tí ń dènà irú márùn-ún rẹ̀ ní gbogbo ayé. Dìfitíríà, àrùn tí ń dí ọ̀nà ọ̀fun ọmọ, jà láti ìparí 2022 wọ 2023, Kano yìí ni ó sì ti pọ̀ jù lọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ó mú ni kò gba àjẹsára rẹ̀ pé. Ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.

Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a sọ ọ̀rọ̀ dé ibi iṣẹ́. Ìgbà tí a bí ọmọ ni àkọ́kọ́: abẹ́rẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, ti àrùn ẹ̀dọ̀, àti oògùn rọpárọsẹ̀ ní ẹnu. Lẹ́yìn náà ni ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14, fún dìfitíríà, ipá, ikọ́ líle, òtútù àyà, rọpárọsẹ̀ àti àwọn mìíràn. Lẹ́yìn náà ni oṣù 9, fún èéyi àti ibà pọ́njú, àti oṣù 15, fún èéyi lẹ́ẹ̀kejì. Èéyi gba ẹ̀ẹ̀mejì nítorí pé ohun tí ọmọ mú wá láti inú ìyá rẹ̀ ṣì lè wà lára rẹ̀ ní oṣù 9, kí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ má sì mú dáadáa. Ọ̀fẹ́ ni ní ilé-ìwòsàn ìjọba.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba, bí wọ́n bá ń ṣí yín nípò láti Kano lọ sí Jos tàbí Maiduguri, ẹ kó káàdì ọmọ pọ̀ mọ́ ìwé-ẹ̀rí yín, kí ẹ má jẹ́ kí ó wà nínú ẹrù tí ọkọ̀ yóò gbé ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọmọ lọ sílé fún ọdún Kérésì, bí ọjọ́ abẹ́rẹ́ bá bọ́ sí ìgbà tí ẹ wà nílé, ẹ gbà á níbẹ̀; káàdì kan náà ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Bí ìgbà kan bá ti kọjá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú dá yín dúró. Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí ọmọ bá dé ni wọn yóò ti máa bá a lọ. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ ń rìnrìn àjò ọjà, kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ sọ fún ìyá ọmọ pé, "Bí ọjọ́ bá pé, gbé e lọ, má dúró dè mí." Ọ̀rọ̀ kan yìí yóò gba ọ̀pọ̀ ọmọ là.

Ní ti àwa àgbà ìjọ, a ti pinnu ohun tí a ó ṣe. Láti oṣù tí ń bọ̀, nígbà tí a bá ń gba ọmọ lọ́wọ́ òbí ní pẹpẹ láti fi í fún Olúwa, a ó béèrè káàdì rẹ̀. Kì í ṣe láti dójú ti ẹnikẹ́ni, a kò sì ní lé ọmọ kankan padà. Bí ìlà kan bá ṣófo, ọ̀kan nínú àwọn ìyá Ẹgbẹ́ Obìnrin yóò bá ìyá ọmọ lọ sí ilé-ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ náà. Bí ọ̀ràn bá wà láàárín ọkọ àti aya, tàbí láàárín ọmọ àti ìyá tí ó wà nílé, ẹ ránṣẹ́ pè wá. A kò tún ní sọ pé ọ̀ràn inú ilé ni. A ó wá jókòó, a ó bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ lórí fóònù pẹ̀lú ìkúnlẹ̀, nítorí ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Bàbá ọmọ tí a sọ ìtàn rẹ̀ bí ọmọ kejì ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, òun fúnra rẹ̀ ni ó ti ṣọ́ọ̀bù, tí ó gbé ọmọ náà lọ. Ara ọmọ gbóná lálẹ́. Ìyá àgbà tún gbọ́ ẹkún lórí fóònù. Ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó béèrè pé, "Ọjọ́ wo ni ẹ tún ń gbé e padà lọ?"

Ọlọ́run tí ó mú Mósè la odò já, dárí jì wá ní ti ọmọ tí a kò ṣọ́. La etí tí ó di, bí ó bá jẹ́ ìfẹ́ Rẹ. Bùkún ọwọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tí ń rìn nínú oòrùn nítorí àwọn ọmọ onílé àti ọmọ àlejò. Fún wa ní ọgbọ́n láti mọ èyí tí ó jẹ́ tiwa láti ṣe, àti èyí tí ó jẹ́ Tìrẹ. Nípa Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.